Ogún Bàbá Adìwé, Ẹni Tó Ra Alùpùpù Nítorí Ìwé Rẹ̀

Èmi tí gbogbo ẹni tó bá gba iwájú géètì yunifásítì kọjá mọ̀ sí Bàbá Adìwé, tí orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí sì wà lára ìwé ìbí tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, oníṣẹ́ ìwé dídì, ọkọ aránṣọ kan tó ti di olóògbé, bàbá ọmọ méjì. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí mi pé orí mi pé, ojú mi ń ríran, kò sì sí ẹni tó fi ọtí tàbí ẹkún tàn mí. Ara nìkan ni kò le mọ́. Dókítà kò dárúkọ oṣù kankan fún mi, ṣùgbọ́n ó ti jáwọ́ nínú sísọ fún mi pé kí n dín iyọ̀ kù, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìwé ìhágún tí mo kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́. Inú fùfù ni mo fi kọ ọ́, n kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìbínú ṣì wà nínú èyí náà, ẹ ó rí i, ṣùgbọ́n mo ti fún un ní oṣù mẹ́ta kí ó rọ̀.

1. Àwọn alámòójútó. Mo yan ọ̀rẹ́ mi atẹ̀wé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi, àti àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí àwọn méjèèjì bójú tó ohun tí mo fi sílẹ̀. Atẹ̀wé ń sọ̀rọ̀ jù, nọ́ọ̀sì kì í sọ̀rọ̀ tó. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, a ó rí ènìyàn kan tó ní làákàyè. N kò fún èyíkéyìí nínú wọn ní ogún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀bùn ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Kí wọ́n sin mí níwọ̀nba. Bí pósí mi bá dára ju ilẹ̀kùn ilé mi lọ, mo kọ̀ ọ́.

2. Adìẹ. Abo adìẹ pupa tó ń yé sórí ìjókòó alùpùpù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àti ẹyin yòówù tí wọ́n bá bá lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fi wọ́n fún káfíńtà aládùúgbò mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun á kúkú tún jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Mo ní kò ṣeé ṣe. Lọ́yà kan tó gbà mí nímọ̀ràn ti là á yé mi pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè gba nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ ti kọ ẹ̀bùn síbẹ̀ fún un, ẹ̀bùn náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà ronú díẹ̀, ó ní adìẹ ni òun mú. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí fi òfin náà sọ́kàn.

3. Irinṣẹ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé etí ìwé, àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ mẹ́ta, irin ńlá tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí ó gbẹ, páálí tó kù, òwú, abẹ́rẹ́, ìkòkò gọ́ọ̀mù, àti àpótí lẹ́tà tí mo fi ń tẹ wúrà sí ara ìwé, gbogbo wọn ni mo fi fún ọmọ mi obìnrin. Ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n a ti san owó rẹ̀ di ìparí ọdún tó ń bọ̀.

Ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. N kò sọ ọ́ fún un rí, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, yóò gbà pé ibẹ̀ náà ni òun máa parí ayé òun sí. Kì í ṣe ìwé dídì ni ó lọ kọ́. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó lọ kọ́ ní yunifásítì, ó sì ku ìdánwò kan. Ẹyọ kan péré, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ìwé àṣekágbá wọn wá fún dídì, á kọ́kọ́ ṣí i wò, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ iye tí kò bára mu, á ní kí wọ́n lọ tún un ṣe kí olùkọ́ tó rí i. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ gba oyè. Mélòó nínú ìwé tí ọmọ mi tún ṣe ni mo ti fi ọwọ́ ara mi tẹ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn sí pẹ̀lú wúrà? N kò kà á mọ́.

4. Yunifásítì. Mo fi ìwé àṣekágbá mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé yunifásítì. Wọ́n wà lórí pẹpẹ òkè, a ti dì wọ́n tán, ẹ̀yìn wọn le, lẹ́tà wọn ń dán. Àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbé wọn. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Ta ni yóò gbàgbé ohun tó fi ọdún mẹ́rin lépa? Ọ̀fíìsì ló ní àwọn kò ní gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn àfi tí wọ́n bá san owó ìkẹyìn, owó ìkẹyìn náà sì ní àbúrò, àbúrò rẹ̀ tún ní àbúrò. Kí àwọn alámòójútó kó wọn lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì ẹni tó ń gba owó, kí wọ́n sì béèrè rìsíìtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kí n tó lọ. Ọdún tí ọmọ mi wọlé, owó kan ṣoṣo ni a san. Ọdún kejì, wọ́n fi owó ìdàgbàsókè kún un; n kò rí ohun tó dàgbà. Ọdún kẹta, owó ìmọ́tótó dé, owó eré ìdárayá tẹ̀ lé e, fún ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Owó káàdì ilé-ìkàwé dé lọ́dún tí òrùlé ilé-ìkàwé ń jò tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Nígbà tó wá ku ọdún kan, wọ́n sọ owó ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ìlọ́po méjì: yàrá kan náà, ibùsùn mẹ́fà, fèrèsé kan. Mo lọ bá akọ̀wé tó ń gba owó, mo fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè pé kí ni ó tún wọ inú ibùsùn náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́, mo tilẹ̀ fi páálí dì í. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò fèsì.

5. Alùpùpù. Alùpùpù pupa tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹnu-Oyin. Kí ẹnikẹ́ni má nù ún. Ohun tí adìẹ ti ṣe sórí rẹ̀ wà lára ogún náà.

Nígbà tí apá mi kò ká owó ilé gbígbé náà mọ́, mo rò ó pé kí ọmọ máa ti ilé lọ, kí ó sì máa ti ibẹ̀ bọ̀. Ilé wa jìnnà. Ọkọ̀ méjì ni ènìyàn ń wọ̀ kí ó tó débẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì kì í sì í gbéra àfi tí wọ́n bá kún. Ẹnu-Oyin ń ta alùpùpù àlòkù nígbà náà. Ó ní èyí tó dára jù lọ ni òun fi pamọ́ dè mí, pé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ló ni ín, tó ń fi aṣọ bò ó bí ọmọ ọwọ́. Èmi ní tèmi, mo ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá.

Kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi bó ti rí. Ẹni tó ti ń fi ìwé jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀ máa ń gbà pé ohun tí ìwé rẹ̀ bá ti pé, òun náà ti pé. Mo gbé ìwé alùpùpù náà sójú oòrùn. Mo fi àtàǹpàkò pa á wò, mo gbóòórùn tádàwà rẹ̀, mo wo òǹtẹ̀ rẹ̀, mo fi nọ́ńbà inú ìwé wé nọ́ńbà ara irin. N kò rí ibi tí wọ́n ti họ ọ́, n kò rí ibi tí wọ́n ti pa á rẹ́. Ìwé tó dára gan-an ni. Wákàtí kan gbáko ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, n kò sì fi ìṣẹ́jú kan wo ẹ́ńjìnnì. Mo sanwó, mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo rán an, mo fi páálí dúdú bò ó, mo sì tẹ lẹ́tà wúrà sí i.

Ẹ́ńjìnnì náà ti sán lábẹ́. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí i, wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún. Èmi tó fi gọ́ọ̀mù tọ́ ọmọ méjì kò dá gọ́ọ̀mù mọ̀ nígbà tí mo rí i. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹnu-Oyin búra pé òun kò mọ̀, bóyá kò sì mọ̀ lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlá ni a kò fi kí ara wa àfi níbi ìsìnkú. Kí wọ́n fún un ní ìwé náà pọ̀ mọ́ alùpùpù. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti dì láyé mi, òun ni mo fara balẹ̀ dì jù.

6. Àga. Àga mi tó ní ìrọ̀rí, mo fi fún mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta. Lọ́jọ́ tí mo ń gun alùpùpù náà bọ̀ wálé, ó dá mi dúró, ó ní kí n jókòó díẹ̀ kí òun tú abẹ́ rẹ̀ wò, pé ìró rẹ̀ kò ṣe déédéé, òun kò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ní ìwé rẹ̀ pé. Mo tún ń sọ kiri lẹ́yìn náà pé olè ni gbogbo mẹkáníìkì. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

7. Gbèsè. Mo jẹ ọmọ mi obìnrin ní owó ọkọ̀ kan, àlọ nìkan, láti ilé dé yunifásítì. Kí wọ́n san án fún un kí wọ́n tó san gbèsè mìíràn.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò tí ì dé etí ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo oníbàárà mi ló mọ̀ pé alùpùpù náà kú sójú ọ̀nà lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn. Pé ọmọ náà tì í títí ó fi rí ibi gbé e sí. Pé ó rìn, ó sáré, ó dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn nígbà tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ti pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún epo, ó ní àánú rẹ̀ ṣe òun, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ láti wá kọ ìdánwò kan ṣoṣo náà, kí ó sì san owó odindi ọdún kan, àtowó ìdàgbàsókè, àtowó eré ìdárayá. Èyí ni mo máa ń rò fún wọn, tí wọn á máa pòṣé.

Ohun tí n kì í sọ ni pé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó tẹ alùpùpù náà kí ó tó dáhùn. Ó wọlé padà, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun lówó ọkọ̀, pé ọkàn òun kò balẹ̀ lórí rẹ̀ lónìí. Owó wà lápò mi. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa sọ pé òkú alùpùpù ni mo rà ni. Mo ní ohun tí ìwé rẹ̀ bá pé kì í dá ènìyàn sọ́nà. Ó dìde, ó gun alùpùpù náà lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì fi ìbínú hàn sí mi rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni a jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà. Mo ti bú yunifásítì, mo ti bú Ẹnu-Oyin, mo ti bú àkọ́bí mi. Èmi gan-an ni mo ba ọjọ́ náà jẹ́ fún ọmọ mi, mo sì jẹ́ kí ó dá ẹrù rẹ̀ rù.

8. Ilé. Ilé mi, yàrá méjì àti pálọ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo pín in sí méjì ọgbọọgba. Ìdajì jẹ́ ti àkọ́bí mi ọkùnrin, ìdajì jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin.

Lọ́yà ni àkọ́bí mi. Yunifásítì kan náà ló ti jáde. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo rà nígbà tí agbára ṣì wà lára mi ni mo tà kí ó lè wọlé, ìyá rẹ̀ sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ó lè jáde. Obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán aṣọ àwọn oníbàárà. Èmi ni mo ń bá a ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. A máa ń jókòó bẹ́ẹ̀, òun ń rán aṣọ, èmi ń rán ìwé, abẹ́rẹ́ kan náà ni a ń yá ara wa. N kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti kú.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ nílò owó ọdún kan láti fi kọ ìdánwò kan, lọ́yà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò. Ó ní kí a ní sùúrù di ìparí ọdún. Ìparí ọdún dé, owó náà ti gòkè. A fi kún tiwa, yunifásítì fi kún tiwọn. Ọdún mẹ́rin ni a fi lé e, a kò bá a. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin mi sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn òun. Irọ́ ni. Títí di àná, ó ṣì ń yanjú ìṣirò sẹ́yìn páálí tí a gé kù, á sì jù ú sínú iná kí n tó dé.

Lọ́dún yìí, yunifásítì lẹ ìwé mọ́ géètì pé àwọn tó ku ìdánwò kan tàbí méjì lè padà wá, títí di ìparí ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ṣùgbọ́n wọn yóò san owó gbogbo ọdún tí wọn kò fi sí níbẹ̀, títí kan owó ìmọ́tótó ọdún tí wọn kò fi da ìdọ̀tí kankan síbẹ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀, ọmọ mi náà ṣe é láìmọ̀ pé mo rí i. Ilé yìí lódindi lè san án, kí ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kò lè san án, n kò sì tí ì rí ẹni tó ń ra ìdajì ilé.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fún un lódindi. Ìyá wọn ni. Lórí àìsàn tó gbé e lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní fi ọwọ́ ara mi gba nǹkan lọ́wọ́ àkọ́bí òun, ohun yòówù tí ó bá ṣe. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Mo ṣèlérí, n kò sì ní fi òkú ẹni tó ta ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà.

9. Ìyókù. Ohun gbogbo tí n kò dárúkọ, àti ẹ̀bùn yòówù tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo fi fún, ìbáà jẹ́ nípa òfin tàbí nípa ìfẹ́ inú ẹni náà, kí ó di ti ọmọ mi obìnrin. N kò fi dandan lé e pé kí ó padà sí yunifásítì. Bí ó bá fẹ́ fi ra àgbàdo fún adìẹ káfíńtà, tirẹ̀ ni.

10. Àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí mi kìíní ni akọ̀wé báǹkì tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé ní òdì kejì ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí mi kejì ni àkọ́bí mi. Mo ti ránṣẹ́ pè é, ó sì ti dé; bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń bá àbúrò rẹ̀ gbé àga wọlé.

N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì ilé ti jẹ́ tirẹ̀ nínú ìpín kẹjọ, mo sì ti mú ìlérí mi ṣẹ. Kí wọ́n fún un ní ìwé yìí kí ó kà á tán kí wọ́n tó fún un ní bírò. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kí atẹ̀wé fọwọ́ sí i dípò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wò ó níwòkuwò, kí ó sì gba ìdajì tirẹ̀ ní àlàáfíà. Bí ó bá sì fọwọ́ sí i, ó mọ òfin ẹlẹ́rìí jù mí lọ. Ilẹ̀ mi àti ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ni a fi ra òfin yẹn fún un. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú bóyá ọjà gidi ni a rà, tàbí ìwé rẹ̀ nìkan ló dára.

Mo fọwọ́ sí èyí ní pálọ̀ ilé mi, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, ọdún tí mo pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, níṣojú àwọn tí ọwọ́ wọn wà nísàlẹ̀ yìí, tí gbogbo wa jọ wà nínú yàrá kan náà.

Ẹni tó ṣe ìwé yìí: Bàbá Adìwé. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kìíní: akọ̀wé báǹkì tó ti fẹ̀yìntì, òdì kejì ọ̀nà. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: àkọ́bí ẹni tó ṣe ìwé yìí, lọ́yà. Ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí sábẹ́ rẹ̀:

Mo ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i. Mo mọ ohun tí òfin sọ nípa ẹlẹ́rìí. Mo ti bẹ Bàbá pé kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kankan, kí wọ́n ta ilé náà nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láàyè. Yàrá wà fún wọn lọ́dọ̀ mi. Kí àbúrò mi lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo gba géètì yunifásítì kọjá bí mo ṣe ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ti lẹ ìwé mìíràn: owó náà yóò tún gòkè ní oṣù tó ń bọ̀.